Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: páìpù èéfín ààrò tó fẹ́ gba inú páànù kọjá

Ìyá alámàlà, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Igi ni mo fi ń dáná àmàlà tí mò ń tà, èéfín sì ń pa àwa tá a wà nídìí iná lójú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ò yéé wúkọ́, ìyẹn ló ká mi lára jù. Wẹ́dà ti bá mi ṣe ààrò onírin tó ní ẹnu fún páìpù ínṣì 6. Òrùlé ló kù. Páànù alumíníọ̀mù ni, pákó ló gbé e dúró. Kápẹ́ńtà ní òun á gé ihò síbẹ̀, òun á sì fi sìmẹ́ńtì dí i yí ká. Ẹlòmíì ní ká yọ páìpù gba ara ògiri, kí ilé má bàa jò. Òjò sì ti ń ṣú. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Wẹ́dà, Ṣágámù:
Màmá, ẹ kú ìnira. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì síbẹ̀ rárá. Bí oòrùn bá pa páànù, á fẹ̀. Bó bá di alẹ́, á sún kì. Sìmẹ́ńtì ò lè bá a fẹ̀, á sán ni, omi á sì ráyè wọlé. Flashing ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe, ìyẹn páànù pẹlẹbẹ tó ní ọrùn tí páìpù máa gbà kọjá. Etí rẹ̀ tòkè á wọ abẹ́ páànù ilé, etí tìsàlẹ̀ á sùn lé orí páànù. Omi tó bá ń ṣàn bọ̀ látòkè á kàn gba orí rẹ̀ kọjá ni. Silicone tó lè fara da iná ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì fèrèsé ò lè fara da ooru yẹn.

Kápẹ́ńtà, Abẹ́òkúta:
Ẹ̀yin ń sọ ti òjò, pákó ni ẹ̀rù ń bà mí sí. Páìpù tí wọn ò fi nǹkan tó ń dí ooru bò lára gbọ́dọ̀ fi ínṣì 18 jìnnà sí igi. Pákó tí ooru ń yan lójoojúmọ́ máa ń gbẹ síwájú sí i, títí iná kékeré á fi tó láti ràn án. Kí wọ́n tó gé páànù, kí wọ́n ta okùn tí wọ́n so òkúta mọ́ láti òrùlé wá sí ẹnu ààrò, kí wọ́n wo igi tó wà nítòsí. Bí igi bá dí ọ̀nà, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì fi igi míì dábùú dè é. Ti ògiri yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Páìpù tó bá dùbúlẹ̀ kì í jẹ́ kí èéfín yára lọ, inú ilé ló máa ń padà sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Minnesota, Amẹ́ríkà:
Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ààrò onígi pọ̀ níbí nígbà òtútù. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé kí páìpù ga ju ibi tó ti yọ lórí òrùlé lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ju ohunkóhun tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. Tó bá kúrú, atẹ́gùn á máa ti èéfín padà. Ẹ dé e ní fìlà nítorí òjò. Igi gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa dá, torí igi tútù ló ń lẹ ẹ̀gbin dúdú mọ́ inú páìpù, ẹ̀gbin yẹn sì máa ń gbiná.

Ìyá alámàlà, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bá mi san án fún yín. Páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò ni wọ́n ti rà sílẹ̀. Ṣé kí wọ́n lò ó?

Wẹ́dà, Ṣágámù:
Rárá o, Màmá. Bí iná bá mú síǹkì dáadáa, èéfín olóró ló ń tú jáde. Irin dúdú tó nípọn tàbí stainless ni kẹ́ ẹ fi sókè ààrò. Ẹ má sì torí páìpù ti fèrèsé: kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde látinú iná, ò ní òórùn, ó sì ń pani.