Pákó ò tà mọ́: ṣé ká ta ẹ̀rọ kan ni?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìṣirò ọdún 3 ni mo tẹ́ sílẹ̀ lálẹ́ àná, oorun ò sì kun ojú mi. Iṣẹ́ ìlagi tí bàbá wa fi sílẹ̀ l'Ékòó lèmi àti àbúrò mi ń bójú tó.

Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023 ni owó epo dísù tí ẹ̀rọ ìlagi wa ń mu ti ń jẹ èrè wa. Kápẹ́ńtà tó máa ń kó pákó àfàrà 100 lẹ́ẹ̀kan ń ra 10 báyìí. Irin làwọn mìíràn fi ń kan òrùlé. Ìtì igi ọ̀gànwó kan wà nílẹ̀ látèṣí: ẹnu rẹ̀ ti là, ikán ti wọ abẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Àbúrò mi ní ká ta ẹ̀rọ kan, ká fi owó rẹ̀ gbin igi tíìkì. Àmọ́ tíìkì ń lò tó 20 ọdún kó tó gbó dáadáa. Kí la ó máa jẹ títí dìgbà náà? Èmi rò pé ká máa kan ilẹ̀kùn àti àga fúnra wa. Òṣìṣẹ́ 6 ló wà lọ́wọ́ wa, mi ò sì fẹ́ dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ìgbà yìí kọjá, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.