Láti ibùdó rélùwéè Mọ́níyà dé Mápó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Àlejò méjì ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn láti Èkó, ibùdó rélùwéè Mọ́níyà ni wọ́n máa sọ̀kalẹ̀ sí. Wọ́n fẹ́ rí Gbọ̀ngàn Mápó àti Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga nì. Mọ́tò wo ni kí wọ́n wọ̀?

Ìdáhùn 1: Kí wọ́n wọ ti Òjóò ní Mọ́níyà, lẹ́yìn náà ti Ìwó Road. Níbẹ̀, kí wọ́n béèrè Bẹẹrẹ. Bí kò bá sí, kí wọ́n wọ ti Géètì, kí wọ́n tún wọ òmíràn dé Bẹẹrẹ. Láti Bẹẹrẹ, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi gun òkè Mápó. Láyípo, tí wọ́n kọ́ ní 1936, wà lórí Òkè Ààrẹ, kò jìnnà síbẹ̀. Kí wọ́n má wọ bàtà gíga o, àtẹ̀gùn ibẹ̀ ń yí po ni.

Ìdáhùn 2: Ẹ jọ̀ọ́, bí Micra, takisí kékeré yẹn, bá dá dúró lófìfo, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè: “Ṣé kì í ṣe dúróòpù?” Bí wọ́n bá kàn wọlé, awakọ̀ lè kà á sí dúróòpù, kó gba owó gbogbo ìjókòó lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n mú ṣénjì dání. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, awakọ̀ á so ṣénjì wọn pọ̀ mọ́ ti èrò mìíràn, wọ́n á wá máa wá ẹni tó máa pín owó náà nígbà tí wọ́n bá bọ́lẹ̀.

Ìdáhùn 3: Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ná ọjà aṣọ òkè l'Ójé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Géètì sí Bẹẹrẹ kì í ṣe kékeré. Kí wọ́n tètè jáde láàárọ̀.