Bí ẹ ṣe lè kọ ohun tí ewì àti ìtàn àròsọ ṣe sí yín lára

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Òṣogbo tí wọ́n ní kí ẹ kọ èrò ọkàn yín lórí ewì àpilẹ̀kọ, ẹ má tíì mú bírò. Ẹ ka ewì náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìlú tí Dúró Ládípọ̀, òṣèré àti òǹkọ̀wé eré, ti dá Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, etí ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ewì. Kíkà àkọ́kọ́ wà fún ìró, ìkejì fún ìtumọ̀. Ní ìkẹta, ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ ibi tó mú yín lọ́kàn. Ibì kan tàbí méjì ti tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlà kan tí mo hun fúnra mi wò ó: “Òjò ṣú, ìyá mi kó aṣọ, kò kó mi.” Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ pé “ewì yìí bà mí nínú jẹ́” kò tíì sọ nǹkan kan. Kí ló bà á nínú jẹ́? “Kó” ni. Nígbà àkọ́kọ́, ó gbé aṣọ wọlé. Nígbà kejì, ó fi ọmọ sílẹ̀ níta. Àwítúnwí yẹn gbé aṣọ àti ọmọ sórí òṣùwọ̀n kan náà, aṣọ ló sì tẹ̀wọ̀n. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ, ní gbólóhùn mẹ́ta sí márùn-ún.

Ẹ má fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ṣeré rárá. Bí ẹ bá da ìlà yẹn kọ ní “ko ko mi”, ẹlòmíràn lè kà á sí “kò kọ̀ mí”. Ìyá tó gbàgbé ọmọ ti di ìyá tí kò kọ ọmọ, èsì yín sì ti wó nìyẹn.

Ohun tí ẹ mọ̀ nílé náà wúlò. Bí aró bá wà nínú ewì, ọmọ Òṣogbo, ìlú aró, mọ òórùn ìkòkò aró. Ẹ kọ ọ́. Àmọ́ bó bá ti kọjá gbólóhùn méjì, ẹ padà sórí ìlà ewì.

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá tó kọ ti ewì. Èmi òǹkọ̀wé kejì ló kàn: ẹ jẹ́ kí n fi ti ìtàn àròsọ kún un. Àtúnsọ ìtàn ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú: ojú-ìwé méjì á ti kún, wọn ò tíì dórí èrò wọn. Gbólóhùn mẹ́rin ni kí ẹ fi kó ìtàn pọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú-ìwé tí ẹ̀dá ìtàn ti bí yín nínú sílẹ̀, àti èyí tí ẹ ní láti tún kà. Bí ẹ bá dé ìdajì ìwé, ẹ dúró, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má pa á rẹ́ o! Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ohun tí òǹkọ̀wé fi pamọ́ fún yín, àti ẹni tó jẹ́ kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ nìkan.

Bí asọ̀tàn bá ń sọ “èmi”, kì í ṣe òǹkọ̀wé ni. Ẹ̀dá ìtàn ni, ó sì lè purọ́. Bákan náà ni “mi” inú ìlà tí ọ̀gá hun yẹn: ó lè jẹ́ pé ìyá akéwì kò fi í sínú òjò rí.