Ọmọ òkè òkun nínú ìtàn àròsọ: ibi tí a ti ń ṣì í kọ

Ìmọ̀ràn fún òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, láti àdúgbò mẹ́rin ní Abẹ́òkúta.

Láti Ìtòkú:
Ẹnu ọmọ náà ló máa ń kọ́kọ́ ba ìtàn jẹ́. Ọmọ tó kúrò ní Abẹ́òkúta lọ́mọ ọdún 12 kò lè sọ̀rọ̀ bí èyí tí wọ́n bí sọ́hùn-ún. Yorùbá ti àkọ́kọ́ dúró síbi tó bá a dé: ó mọ bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn ní pápá ìṣeré, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìkejì á gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà délẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni á fi dáhùn. Tó bá wá gbìyànjú, ẹ má ba gbogbo gbólóhùn rẹ̀ jẹ́, àwàdà lásán nìyẹn á dà. Ẹ mú àṣìṣe kan, kẹ́ ẹ lò ó dáadáa. "Màmá, ṣé o ti jẹun?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún èwe àti àgbà, ìfẹ́ ni ọmọ rò pé òun ń fi hàn, ìwọ̀sí ni etí ìyá àgbà gbà. Ohùn náà tún wà níbẹ̀: ọmọ fẹ́ sọ pé ìyá òun ti ní ọkọ̀ tuntun, ó wí pé "ọkọ tuntun", gbogbo pálọ̀ pa lọ́lọ́.

Láti Àsérò:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo aago. Nàìjíríà kì í yí aago padà. Wákàtí kan la fi ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù; nígbà ooru, aago wa dọ́gba. Toronto, wákàtí 6 nígbà òtútù, 5 nígbà ooru. Tí ìyá àgbà bá pè ní aago 7 alẹ́ lóṣù Kìíní, aago 1 ọ̀sán ni lọ́hùn-ún, ọmọ wà níléèwé. Ìdí tí kò fi gbé fóònù nìyẹn, kì í ṣe pé ó ti gbàgbé ilé.

Ìwé ìgbélùú náà ń kó ìtìjú bá òǹkọ̀wé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1983, bíbí ọmọ sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ Bìrìtìkó. Ọ̀kan nínú òbí ní láti jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí kó ní àṣẹ ìgbélùú tí kò ní gbèdéke. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, ó lè forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí iléèwé fẹ́ kó wọn lọ sí Faransé ni àṣírí á tú. Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní ẹsẹ̀ 25, ti kà á mọ́ ọmọ wa látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bí òbí rẹ̀ kan bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ wá wo ọmọ tí ìlú tí kò tíì dé ti gbà á, tí èyí tó ń gbé ṣì ń bèèrè ìwé.

Láti Ìdí-Abà:
Ìyá tó kọ́kọ́ lọ, tó fi ọmọ ọdún méjì sọ́dọ̀ ìyá àgbà: ẹ ṣírò ọdún. Bí ọdún márùn-ún bá ti kọjá, ọmọ kò ní sáré lọ dì mọ́ ọn ní pápákọ̀ òfurufú. Á kúnlẹ̀ kí i, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Ìyá àgbà ló ń pè ní "Màámi". "Àǹtí" ni á pe ẹni tó bí i, ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó yí i padà.

Ẹrù oúnjẹ tí wọ́n ń dì lọ sókè òkun ńkọ́? Làfún ń kọjá. Ẹran díndín kò gbọdọ̀ wọ Bìrìtìkó láti ọ̀dọ̀ wa, gbígbà ni wọ́n máa gbà á.

Láti Kútọ̀:
Ẹ dákun, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá dé ló gbọ́dọ̀ gun Òkè Olúmọ ní orí tó gbẹ̀yìn. Ẹ mú u lọ sí agbo ilé. Wọ́n á fi èèyàn méje hàn án, "ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí", á sì bèèrè èwo nínú wọn ni ìyá òun bí. Ẹ kọ ojú tí wọ́n fi wò ó.