Àtúntò ojú áàpù ìpamọ́ fáìlì: àwọn oníbàárà ń pariwo pé fáìlì àwọn sọnù

Ayàwòrán Áàpù (oníbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àyè tí àwọn ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì lọ́yà ń kó fáìlì wọn pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a sì ń tà. Èmi ni wọ́n gbé àtúntò ojú áàpù náà lé lọ́wọ́. Lójú tèmi, ti àtijọ́ ti há jù: orúkọ fódà tò sí ọwọ́ òsì bí àkàbà, ó sì ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta ojú kọ̀ǹpútà kékeré. Mo kó o kúrò, mo fi àpótí ìṣàwárí gbọọrọ kan sí òkè, mo sì kó àwọn bọ́tìnì "Pín", "Gbé lọ" àti "Pa rẹ́" sábẹ́ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ojú ibẹ̀ mọ́ kedere, ọ̀gá mi sì yìn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a ṣí i fún àwọn oníbàárà díẹ̀ pé kí wọ́n bá wa dán an wò. Kí a tó ti ọ́fíìsì lálẹ́ ọjọ́ náà, ènìyàn mọ́kànlá ló ti pè, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: fáìlì àwọn ti sọnù. Fáìlì kankan kò sọnù. Ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà, ọ̀nà ibẹ̀ ni mo gbé kúrò lójú wọn. Ṣé kí n dá ọwọ́ òsì yẹn padà ni, àbí kí n ní sùúrù kí tuntun mọ́ wọn lára? Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí ti àtijọ́ àti tuntun jọ máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí a pa ti àtijọ́ tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Baba Kóòdù

Ẹ dá a padà. Ẹni tó ń lo fódà kò nílò láti rántí orúkọ fáìlì rárá. Ọ̀nà tó mọ̀ ló ń tọ̀, bí ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ aláṣọ rẹ̀ ní Gbági, tó mọ̀ pé òun yóò yà lẹ́bàá oníbàtà, ṣùgbọ́n tí kò mọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù náà. Àpótí ìṣàwárí yín ń sọ fún un pé kí ó pe nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù kí ó tó wọlé.

Ẹ wo ohun tí Google ṣe sí Drive, áàpù ìpamọ́ fáìlì wọn, ní ọdún 2020, nígbà tí áàpù náà ti lo ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, kò ṣeé ṣe mọ́ láti fi fáìlì kan ṣoṣo sínú fódà méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó hàn níbòmíràn gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀nà àbùjá síbẹ̀. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹwàá ni wọ́n kéde Google Workspace, orúkọ tuntun fún àkójọ áàpù iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kó àwọ̀ kan náà wọ àmì Gmail, Drive àti Kàlẹ́ńdà, débi pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀kan nígbà tí òmíràn ni wọ́n ń wá. Nígbà tó di ọjọ́ 13, ohun tó bá wọ garawa ìdọ̀tí, ibi tí fáìlì tí a pa rẹ́ ń kọ́kọ́ lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ó lè wà níbẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi dà á nù. Orí àwọ̀ ni ariwo pọ̀ sí jù. Mi ò bá wọn pa á, nítorí ọ̀rọ̀ garawa ló lè ṣe ènìyàn léṣe, mo sì gbà pé Google ṣe dáadáa níbẹ̀, torí inú Drive gan-an, lójú ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n lẹ ìkìlọ̀ náà mọ́. Ẹ̀yin, níbo ni ẹ ti sọ fún àwọn mọ́kànlá yẹn pé fódà wọn ti yípò?

Akọ̀wé Ilé Ìwé

Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé ilé ìwé girama ni mí ní Ìbàdàn, irú áàpù báyìí ni mo sì ń lò láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, n kò ní dárúkọ áàpù náà.

Ní sáà tó kọjá, fóònù mi kún. Mo ṣí áàpù, mo rí fódà èsì ìdánwò tó tóbi, mo sì pa á rẹ́ kí àyè lè wà, nítorí mo rò pé ẹ̀dà inú fóònù mi nìkan ni. Ohun tí áàpù bi mí kò ju "Ṣé ó dá ọ lójú?" lọ. Ó kúkú dá mi lójú! N kò tíì gbé fóònù náà sílẹ̀ tí igbá-kejì ọ̀gá ilé ìwé wa fi pè mí pé èsì gbogbo kíláàsì ti pòórá lórí kọ̀ǹpútà òun. A rí i padà nínú garawa, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀sán kò wọlé fún mi lọ́jọ́ náà. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé yóò kúrò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo pín in fún ni, n kò ní fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ mi kejì kéré, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń bí mi nínú. Orúkọ fáìlì wa gùn, áàpù sì máa ń gé e nídìí. Lórí fóònù, "Èsì Ìdánwò Sáà Kejì JSS1A" títí dé "SS3B" ń jẹ́ "Èsì Ìdánwò Sáà K…" ní ìgbà méjìlá. Mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí ìkòkò wo ọbẹ̀.

Olùdánwò

Ìyá wa akọ̀wé ti sọ èyí tó wúlò jù. Àárín orúkọ ni kí ẹ máa gé, kí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin lè hàn.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì mẹ́nu ba ìṣàwárí fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fura sí. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "é" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. Ńṣe ni a máa ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀. Ẹnì kan lè fi àmì òkè kún "ẹ", ẹlòmíràn lè fi dọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kún "é", ẹnì kẹta lè fi méjèèjì kún "e" lásán. Lójú wa, lẹ́tà kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tí a kò kọ́, mẹ́ta ni. Ìlànà Unicode tí wọ́n ń pè ní NFC lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, àmọ́ kò lè ran ẹni tó fi igi kékeré sísàlẹ̀ dípò dọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Ẹ̀yin ni ẹ ó ṣe ìyẹn fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ gbogbo àmì kúrò lára ohun tí ènìyàn tẹ̀ àti lára orúkọ fáìlì kí ẹ tó fi wọ́n wéra, torí ẹni tó ń kánjú yóò tẹ "owo" yálà owó ló ń wá tàbí òwò. Èyí tó bá bá àmì mu gan-an ni kí ó kọ́kọ́ hàn.

Títò pẹ̀lú ní ìyọnu tirẹ̀. Tí ẹ bá tò ó bí nọ́ńbà lẹ́tà ṣe wí, fódà "Ẹ̀kọ́" yóò balẹ̀ sẹ́yìn "Yunifásítì", nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn E ni olúwarẹ̀ ń wá a sí.

Ayàwòrán Áàpù (oníbéèrè)

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tẹ "esi idanwo" sínú àpótí tí mo fi yangàn yẹn nínú àkáǹtì tí a fi ń dánwò, kò sì mú ohunkóhun jáde, bẹ́ẹ̀ fáìlì mẹ́sàn-án tó ń jẹ́ "Èsì Ìdánwò" wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó pè wá ti wá fáìlì wọn lóòótọ́ kí wọ́n tó bínú.

Ọwọ́ òsì ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn yóò lè ká a wọlé bí ó bá fẹ́ àyè. Mo ti tún ọ̀rọ̀ ìparẹ́ kọ báyìí: "Fódà yìí yóò kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀yin àti àwọn 14 tí ẹ pín in fún." Bọ́tìnì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì jẹ́ "Yọ ọ́ kúrò lórí fóònù yìí nìkan". Ó ku ọ̀rọ̀ àtijọ́ àti tuntun.

Baba Kóòdù

Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ máa lọ, kí ọjọ́ tí ti àtijọ́ yóò kásẹ̀ nílẹ̀ sì wà lójú áàpù láti ọjọ́ kìíní, torí tí ọjọ́ kò bá sí, ẹ ó máa tọ́jú áàpù méjì títí ayé. Kí ọjọ́ náà má ṣe bọ́ sí àsìkò èsì. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan orí kọ̀ǹpútà ṣe lè rọrùn láti lò, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé bí ènìyàn márùn-ún péré bá dán nǹkan wò, èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù rẹ̀ yóò ti hàn. Ẹ wá márùn-ún tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì yín, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́.

Akọ̀wé Ilé Ìwé

Ẹ kà mí mọ́ àwọn márùn-ún náà. Fóònù mi ni n ó lò o, èyí tó máa ń kún yẹn, kí ẹ má sì nawọ́ sí bọ́tìnì kankan fún mi.