Ààrò ìyanja tí a fẹ́ mọ sí ẹ̀yìnkùlé ní Bàrígà: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìbéèrè
Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Èmi àti ìyá ọkọ mi ń yan ẹja àrọ̀ tà ní Bàrígà, inú àgbá irin ni a sì ti ń yan án. Àgbá náà ń jẹ igi púpọ̀, ẹja ìsàlẹ̀ a máa jóná nígbà tí tòkè kò tíì gbẹ, èèfín rẹ̀ sì ń wọ yàrá ayálégbé kan tó ní ọmọ ọwọ́. Onílé ti gbà kí a mọ ààrò gidi sí ẹ̀yìnkùlé. Irú èwo ni kí a mọ, ibo ni kí ó sì wà?

Oníṣòwò ẹja, Màkókó
Àbúrò mi, ẹ wo ààrò Chorkor, tí wọ́n fi orúkọ àdúgbò àwọn apẹja kan ní Accra, ní Ghana, pè. Gígùn rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, ògiri kan là á sí méjì láàárín, ẹnu ìdáná méjì sì wà níwájú. Àwọn àtẹ onípákó tí a na wáyà sí nídìí ni a ń tò lé ara wọn lórí, àárín wọn sì ni ooru àti èèfín ń gbà gòkè, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ igi bí àgbá. Ẹ máa pààrọ̀ àtẹ, kí tìsàlẹ̀ bọ́ sókè. Kí àtẹ bá ẹnu ààrò mu rẹ́gí ni mo kà sí pàtàkì jù, torí ibi tí àlàfo bá wà ni ooru ń gbà sá lọ.

Bíríkìlà, Ṣómólú
Iná yóò la búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì lásán. Ẹ fi bíríkì amọ̀ sísun mọ inú rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga nítorí omi òjò. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti ojú òkun, ni ó ń fẹ́ jù nínú ọdún. Nítorí náà, apá àríwá ìlà-oòrùn ilé ni kí ó wà, kí èèfín lè máa kúrò lára ilé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ń gbé lẹ́yìn ògiri níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Yábàá
Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èèfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020. Ìta ni tiyín wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ààrò láràárọ̀ ń fà á símú. Chorkor dín igi kù, kò mú èèfín kúrò. Ọ̀rá ẹja tó ń kán sórí iná sì máa ń di èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ, tí yóò lẹ̀ mọ́ ẹja náà. Nítorí èyí ni FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹja ní Thiaroye, ní Senegal, ṣe fi àwo tó ń gba ọ̀rá sábẹ́ àtẹ nínú ààrò tiwọn. Ẹ ṣe àyè fún un. Igi gbígbẹ nìkan ni kí ẹ máa dá. Ẹ má ṣe dá pákó ọlọ́dà tàbí páláńkì tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí láé.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Kànga wa ni ó wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn náà.

Bíríkìlà, Ṣómólú
Ẹ sún ààrò jìnnà sí i débi tí àyè bá gbà, kí ẹ sì ṣe ìdérí onírin fún kànga kí ẹ tó dáná àkọ́kọ́, nítorí eérú yóò máa fò.