Níbo ni “sàn” wà nínú “ìwòsàn ọmọ iléèwé”?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọ̀gá wa tó túmọ̀ ìtàn òfin ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1907 fún wa lánàá pe iṣẹ́ tí òfin náà gbé lé àwọn dókítà lọ́wọ́, ìyẹn yíyẹ ara àwọn ọmọ wò, ní “ìwòsàn ọmọ iléèwé”. Ẹ má bínú sà, ọ̀rọ̀ yẹn kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.

“Sàn” ibẹ̀ ló ń dùn mí. A wo èèyàn, ara rẹ̀ yá, ìyẹn ni wò-sàn. Bíi lù-pa ni. Ẹni tó lu ejò tí ejò sá wọgbó, ṣé ó lè ní òun lù ú pa? Ẹ óò ní “wò” nìkan náà máa ń jẹ́ ìtọ́jú. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn àgbà náà ló ń sọ pé “a wò ó wò ó, kò sàn”.

Ẹ wo òfin náà fúnra rẹ̀. Ogun Boer, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní Gúúsù Áfíríkà, ló ta ìjọba wọn jí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun kò yege nítorí ara wọn kò le. Láti oṣù kìíní ọdún 1908, ó di dandan kí dókítà yẹ ọmọ wò nígbà tó bá ń wọ iléèwé àti kó tó jáde. Wọ́n á gbé e lé ìwọ̀n, wọ́n á ní kó lanu, wọ́n á tú irun rẹ̀ wá iná orí. Bí eyín bá ti jẹrà, wọ́n á sọ fún ìyá rẹ̀. Òfin gba ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti tọ́jú ọmọ náà bó bá wù wọ́n, kò fi dandan lé e àfi ìgbà tí òfin 1918 dé. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Nítorí àlàfo yìí ni Margaret McMillan, tó ti jà fún ọmọ tálákà ní Bradford, ṣe ṣí ilé ìtọ́jú ní Bow ní ìlú London lọ́dún 1908, àti ní Deptford lọ́dún 1910, nítòsí Peckham tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí lónìí. Ibi tí McMillan ṣí ni kí ẹ pè ní ìwòsàn.

Àwọn bàbá wa kò ṣe àṣìṣe yìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá àgbà mi ti máa ń fi aṣọ funfun sẹ́ omi àmù, kí wolé-wolé má bàa bá tanwíjí nínú rẹ̀. Wolé-wolé! Ó wo ilé, kò tún ilé ṣe, orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. “Àyẹ̀wò ìlera ọmọ iléèwé” ni kí a kọ.

Àti ẹ̀yin tí ẹ ní ohùn àárín ló wà lórí “yẹ” inú àyẹ̀wò, torí pé a ń sọ “yẹ ilé wò”: ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e ló gbé ohùn yẹn sókè, bó ṣe ṣe “wò” nínú “wo ilé”. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ dán an wò: “yẹ̀ ẹ́ wò”. Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ ọmọ ní gírámà yìí. Ẹni tó bá gbọ́ “yẹ ẹ́ wò” lẹ́nu àgbà rí, kó sọ ìlú tó ti gbọ́ ọ.